Kí ẹ tó sanwó àwo Japan, ẹ yí i dojú dé ná

Òfin ni mo kọ́ ní yunifásítì, àmọ́ òfin tó dùn mọ́ mi jù lọ báyìí, ìdí àwo ni mo ti ń kà á. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ń kó àwo àti ife àtijọ́ tí wọ́n fọwọ́ kùn ní Japan jọ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ní ọdún 1890, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin owó ibodè kan tí wọ́n ń pè ní McKinley Tariff. Láti 1891, ọjà tó bá ti òkè òkun wọlé gbọ́dọ̀ ní orúkọ ilẹ̀ tó ti wá lára, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Japan kọ “Nippon”, ìyẹn orúkọ tí àwọn fúnra wọn ń pe ilẹ̀ wọn. Àwọn aṣọ́bodè gbà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ìgbà tó di 1921 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé Nippon kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, “Japan” ni kí wọ́n máa kọ. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ilẹ̀ náà wà lábẹ́ àwọn ológun tó ṣẹ́gun wọn, “Occupied Japan” ló wà lára ọ̀pọ̀ ọjà wọn, títí di 1952.

Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ tí òfin fipá mú wọn kọ ló wá di kàlẹ́ńdà fún àwa tí a ń kó o jọ. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Nippon ti ń gbé owó àwo sókè, àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ sí ìdí àwo tuntun. Orúkọ ibi tí wọ́n ti ṣe é ní ti òótọ́ á wà lórí bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá ti kọjá ibodè, èékánná lásán ló máa yọ ọ́ dànù.

Òǹtẹ̀ kan tí wọ́n máa ń fara wé ni ti ewé tó yí lẹ́tà M ká. M yẹn dúró fún Morimura, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n ti ń tajà ní New York látọdún 1876, tí wọ́n sì dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Noritake, nítòsí Nagoya, ní 1904. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló tún gbà kí wọ́n tó ta odindi sẹ́ẹ̀tì àwo oúnjẹ àkọ́kọ́, torí àwo ńlá pẹrẹsẹ kì í ṣe kékeré nínú iná. Nínú ayédèrú kan tó gbajúmọ̀, ẹ ò ní rí M rárá, nǹkan tó dà bí agogo oníyanrìn lẹ máa rí.

Èmi o, ọwọ́ ni mo máa ń wò kí n tó wo òǹtẹ̀. Ẹ gbé àwo náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti máa bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, àwọ̀ rẹ̀ á nípọn níbì kan, á fẹ́lẹ́ níbòmíràn, òdòdó méjì ò sì ní jọra pátápátá. Èyí tí wọ́n tẹ̀, àmì tó-tò-tó ló máa hàn lábẹ́ gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá. Òfin Amẹ́ríkà ni 1891 yẹn jàre, kò de àwo tí wọ́n ṣe fún ilé ara wọn ní Japan. Nítorí náà, àwo tí kò ní òǹtẹ̀ kankan kì í ṣe ayédèrú dandan. Mo lè fi òǹtẹ̀ mẹ́ta dípò ọ̀kan irú rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ bá dá múṣémúṣé. Ohun tó ń dùn mí ni pé aṣọ́bodè rí orúkọ ilẹ̀, iléeṣẹ́ rí lẹ́tà rẹ̀ tẹ̀, àmọ́ lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, ẹni tó jókòó ya òdòdó yẹn ò ní orúkọ níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ Nàìjíríà níbí lẹ ti rà á, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 kò gba ọlọ́jà láyè láti parọ́ nípa ohun tó ń tà. Ẹ jẹ́ kó kọ ọdún tó ń pè é sílẹ̀ lórí WhatsApp, kí ẹ sì tọ́jú fọ́tò ìdí àwo náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi jẹun o. Àwọ̀ náà wà lórí ìpele dídán tó bo àwo ni, ọ̀pọ̀ àwọ̀ àtijọ́ ló sì ní òjé nínú. Oúnjẹ kíkan lè fà á jáde. Ẹ má sì gbé èyí tó ní wúrà sínú maikirowéfù, á ṣẹ́ná.