Gìtá Afọwọ́ṣe: Níbo Ni Ohùn Ń Gbé?

Ẹni tó bá ti Ìkọ̀tún ń bọ̀ wá sí Ìdímù yóò gba iwájú ìsọ̀ àwọn káfíńtà kọjá, níbi tí wọ́n ti ń fági, tí wọ́n ń kan bẹ́ẹ̀dì àti àga, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ìró gìtá láti inú ṣọ́ọ̀ṣì kan tàbí òmíràn; síbẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó rò ó pé iṣẹ́ àwọn wọ̀nyẹn àti ìró yìí bá ara wọn tan. Wọ́n tan, nítorí pé káfíńtà ni ọkùnrin tó fún gìtá ní ìrísí tó ní lónìí: Antonio de Torres, ọmọ agbègbè Almería ní gúúsù ilẹ̀ Sípéènì, tí a bí ní ọdún 1817, tó sì kú ní ọdún 1892.

Gìtá tí ọ̀rọ̀ mi dá lé kì í ṣe èyí tí iná mànàmáná ń gbé ohùn rẹ̀, irú èyí tí King Sunny Adé àti Olóyè Ebenezer Obey ti fi ń dá wa lára yá láti ọjọ́ pípẹ́, bí kò ṣe gìtá olókùn mẹ́fà tí ẹnì kan ṣoṣo máa ń gbé lé itan níwájú ọ̀pọ̀ èrò, tí yóò fi èékánná ta á láìsí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, tí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá yóò sì gbọ́ ọ kedere. Inú igi nìkan ni irú ohùn bẹ́ẹ̀ ti lè wá, ojú gìtá, pákó fẹ́lẹ́ tí a lu ihò sí, sì ni ìyá ohùn.

Igi spruce, tó máa ń hù lórí àwọn òkè olótùútù ilẹ̀ Yúróòpù, ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ fi ń ṣe ojú náà. Wọn a la ìtì kan náà sí pákó méjì, wọn a lẹ̀ wọ́n pọ̀ ní ààrin, oníṣẹ́ a wá máa fi ìfági fá a títí yóò fi ku nǹkan bí mìlímítà 2. Bí ó bá kù díẹ̀, oníṣẹ́ a fi ìka méjì mú pákó náà létí, a gbé e sẹ́bàá etí ara rẹ̀, a kàn án. Bí ó bá dún kú, a tún fá a díẹ̀, a tún kàn án, títí pákó náà yóò fi dún gooro. Kò gbọdọ̀ fá a kọjá ààlà, nítorí agbára tí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi ń fà á tó nǹkan bí kílò 40: bí ó bá nípọn jù, yóò yadi, bí ó bá fẹ́lẹ́ jù, yóò tẹ̀ wọnú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lẹ igi tín-ín-rín mọ́ abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n tẹ́ ẹ ká bí abẹ̀bẹ̀. Méje ni Torres sábà máa ń lò; òun kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe é, ṣùgbọ́n òun ló ṣe é yanjú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà sì ni gígùn okùn ti fìdí múlẹ̀ sí mìlímítà 650 tí ayé ṣì ń lò.

Àwọn àgbà ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn èèyàn ṣe máa ń yin ẹ̀yìn àti ìhà gìtá, níbi tí igi rosewood olówó iyebíye ti ń dán. Ní ọdún 1862, Torres fẹ́ fi hàn pé ibẹ̀ kọ́ ni ohùn ń gbé. Ó kan gìtá kan tí ojú rẹ̀ jẹ́ igi gidi, ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn àti ìhà rẹ̀ jẹ́ páálí. Gìtá onípáálí yẹn ṣì wà ní ilé àkójọ ohun èlò orin ní ìlú Barcelona. Bí oníṣẹ́ bá ní ohun tí yóò sọ, báyìí ló yẹ kí ó máa sọ ọ́, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí.

Ibi tí sùúrù ti ń ṣiṣẹ́ jù ni títẹ ìhà. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n fi omi rin, tí wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ mọ́ páìpù irin tó gbóná. Igi a kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀, ooru a wọ̀ ọ́ lára, oníṣẹ́ a sì mọ̀ ọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ pé ó ti ń gbà. Bí ó bá kánjú, yóò dá pàà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ní ìlànà àwọn ará Sípéènì, wọn a dojú gìtá bolẹ̀ lórí pátákó, wọn a ti etí ìhà bọ inú àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gé sí ìdí ọrùn, kí ọrùn àti ìyókù lè di ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọn a dé kẹ́yìn. Oje kòkòrò kan tí ń gbé lára igi ní ilẹ̀ Íńdíà, tí wọ́n yọ́ sínú ọtí líle, ni wọ́n fi ń pa á lára kó máa dán. Ìfun ẹran ni mẹ́ta nínú okùn rẹ̀ títí Ogun Àgbáyé Kejì fi parí, kí ọ̀rá nylon tó gbapò rẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a ka èyí sí iṣẹ́ òyìnbó tí kò kàn wá. Àwọn baba wa ti ń ta mólò kí gìtá tó gba etíkun wọlé. Àyàn Àgalú asọ̀rọ̀igi sì ti kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ pé kì í ṣe gbogbo igi ló ṣeé gbẹ́ ní ìlù, tí wọ́n fi ń wá igi ọmọ tàbí apá kiri inú igbó. Igi ilẹ̀ Áfíríkà gan-an wà lára gìtá ńláńlá ayé, nítorí pé igi dúdú láti Kamẹrúùnù wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe ibi tí ìka ń tẹ̀ ní ọrùn rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tó bá dúdú kirikiri nìkan ni àwọn oníbàárà ń fẹ́, a sì máa ń fi èyí tó bá ní ìlà sílẹ̀ kó jẹrà nínú igbó lẹ́yìn tí a ti gé e lulẹ̀ tán. Ó dunni, nítorí igi tí kì í tètè dàgbà ni. Ní ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ Taylor tó ń ṣe gìtá ní Amẹ́ríkà àti Madinter tó ń ta igi gìtá ní Sípéènì ra ilé ìlagi kan ní Yaoundé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta onílà pọ̀ mọ́ dúdú.

Káfíńtà Ìdímù tó bá fẹ́ dán iṣẹ́ yìí wò kò ní láti dúró de òkè òkun fún gbogbo rẹ̀. Ọ̀gánwó tó ń rà fún ilẹ̀kùn wà lára àwọn igi tí wọ́n fi ń ṣe ọrùn àti ẹ̀yìn gìtá. Ojú ni kí ó ránṣẹ́ rà. Ọ̀tá rẹ̀ ni ojú ọjọ́, nítorí pákó fẹ́lẹ́ a máa fa omi wú lásìkò òjò, ọyẹ́ a sì máa là á. Kí ó to igi rẹ̀ sábẹ́ òrùlé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, kí ó fi í sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ dénú, kí ó sì lẹ ojú mọ́ ìhà ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Igi tó bá wú díẹ̀ lẹ́yìn tí a lẹ̀ ẹ́ tán ṣì lè fara dà á, èyí tó bá súnkì ni yóò là.