Ṣé ibà ló ń ṣe ọmọ yín, àbí fóònù òru?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ká jọ sọ lónìí kan gbogbo ilé tí ọmọ ọdún 11 sí 18 bá wà. Ó sì kan ẹ̀yin bàbá àgbà àti màmá àgbà tí ọmọ-ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ yín.

Irú ẹjọ́ kan wà tí àwa nọ́ọ̀sì máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá lemọ́lemọ́. Ìyá á mú ọmọ ọdún 14 tàbí 15 wá, á ní: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, orí ń fọ́ ọmọ yìí ní gbogbo àárọ̀. Ara rẹ̀ ò le. Tó bá ti dé kíláàsì, oorun ni. Mo ti fún un lóògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù méjì, mo tún ra ti táífọ́ọ̀dù fún un, kò lọ." A ó wo bí ara ọmọ ṣe gbóná sí, a ó rí i pé kò gbóná. A ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a ò ní bá kòkòrò ibà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó lára, ìtọ̀ náà dáa. Nígbà tá a bá wá bi ọmọ pé aago mélòó ló sùn lálẹ́ àná, á kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà á wolẹ̀.

Ìyá ló máa bá a dáhùn: "Aago 9 ló ti wọlé lọ sùn, mà." Òótọ́ ni, aago 9 ló wọ yàrá. Ṣùgbọ́n aago 2 òru ló tó sùn, nítorí pé fóònù wà lábẹ́ aṣọ ìbora.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun. Láyé ìsinsìnyí, ìyá ti ń hanrun, ọmọ nìkan ló ń ṣọ́ òru. Nítorí pé àwọn òbí ò mọ̀, wọ́n á máa wá àìsàn tí kò sí kiri. Àwọn kan ń náwó sórí oògùn. Àwọn kan ń pe ọmọ ní ọ̀lẹ àti olódo. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ti gbé ọmọ lọ síbi àdúrà, wọ́n rò pé ayé ló fẹ́ dí i lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, oorun ni ọmọ ò sùn tó.

Iṣẹ́ tí oorun ń ṣe

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé téèyàn bá ti sùn, iṣẹ́ ti dúró nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ìgbà tí ọmọ bá sùn wọra ni ọpọlọ rẹ̀ ń to ohun tó kọ́ lójúmọ́ jọ, tó ń fi wọ́n pamọ́ síbi tí kò ti ní í tètè gbàgbé wọn. Ìgbà yẹn náà ni ara máa ń tú èròjà tó ń mú ọmọ dàgbà sínú ẹ̀jẹ̀ jù lọ. Ìgbà yẹn sì ni agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà ń padà bọ̀ sípò.

Lọ́dún 2016, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó mọ̀ nípa oorun ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde. Wọ́n ní ọmọ ọdún 6 sí 12 gbọ́dọ̀ máa sùn wákàtí 9 sí 12 láàárín ọjọ́ kan. Ti ọmọ ọdún 13 sí 18 jẹ́ wákàtí 8 sí 10.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọmọ tó ń jí laago 5:30 àárọ̀ láti múra ilé ìwé gbọ́dọ̀ ti sùn laago 9:30 alẹ́ kó tó lè rí wákàtí 8. Tó bá jẹ́ aago 1 òru ló sùn, wákàtí 4 àbọ̀ péré ló rí. Ó ti jẹ gbèsè wákàtí 3 àbọ̀ nìyẹn. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, gbèsè ti di wákàtí 17 àbọ̀. Oorun àárọ̀ Sátidé kan ò lè san gbèsè yẹn tán. Orí fífọ́, ìbínú òjijì, ìgbàgbé àti oorun inú kíláàsì ni ara fi ń béèrè ẹ̀.

Kí ló dé tí fóònù fi ń lé oorun?

Ohun mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ ni ìmọ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọpọlọ máa ń tú èròjà kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní melatonin jáde. Òun ló ń sọ fún ara pé ìgbà oorun ti tó. Ìmọ́lẹ̀ fóònù tí ọmọ gbé sún mọ́ ojú nínú òkùnkùn máa ń mú kí èròjà yìí pẹ́ kó tó dé. Ẹ tún wá wò ó, ọmọ tó ti ń bàlágà, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń fẹ́ pẹ́ sùn ju ti ọmọ kékeré lọ. Bí ẹ̀dá ṣe rí nìyẹn, kì í ṣe oríkunkun. Tí fóònù bá wá kún un, òru á jìn pátápátá.

Ìkejì ni ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìwé ìtàn máa ń parí, eré orí tẹlifíṣàn máa ń parí. Fídíò orí fóònù kì í parí. Bí ọ̀kan ṣe ń lọ ni òmíràn ń bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ṣe é sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹni tó ń wò ó má bàa gbé e sílẹ̀. Géèmù náà kò yàtọ̀.

Ìkẹta ni ariwo. Tí ọmọ bá tiẹ̀ ti sùn, tí iṣẹ́ WhatsApp bá wọlé laago 1 tí fóònù sì dún, ó ti jí nìyẹn.

Owó náà wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn iléeṣẹ́ fóònù ti ń ta dátà òru lówó pọ́ọ́kú. Ọmọ tí kò lówó dátà ọ̀sán á dúró de òru. Kí ẹ̀yin òbí tí ẹ kò tíì dàgbà púpọ̀ má ṣe bínú jù o. Ọdún 2001 ni fóònù GSM dé Nàìjíríà. Láàárín ọdún díẹ̀ sígbà náà, ìpè òru ọ̀fẹ́ dé, púpọ̀ nínú yín lẹ sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lábẹ́ aṣọ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ẹ mọ bí ojú ṣe máa ń rí lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń fi kọ́ lóòótọ́?

Mi ò ní kẹ́ ẹ fọ́ fóònù mọ́lẹ̀. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ìdánwò JAMB ti ń wáyé. Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé pa lọ́dún 2020 nítorí àrùn kòrónà, orí WhatsApp àti rédíò ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń gba iṣẹ́. Ọmọ tí kò mọ ohun èlò yìí lò máa rìn lẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àjọ UNESCO sọ nínú ìròyìn tó gbé jáde lọ́dún 2023 pé tí nǹkan mìíràn bá gba ọkàn ọmọ kúrò nínú ẹ̀kọ́, ó lè gbà á tó ìṣẹ́jú 20 kí ọkàn rẹ̀ tó padà sórí ohun tó ń kọ́. Ẹ ronú nípa ọmọ tó jókòó ti ìwé fún wákàtí kan, tí fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó jókòó ti ìwé lóòótọ́, àmọ́ ìwé ò wọlé.

Àwọn mìíràn á ní àwọn ń kàwé mọ́jú, wọ́n á jẹ obì tàbí kí wọ́n mu ohun mímu inú agolo tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára. Kaféènì wà nínú méjèèjì. Á lé oorun lọ, àmọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ tí oorun ń ṣe. Ohun tí ọmọ fi gbogbo òru kà láìsùn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò ní í rí nígbà ìdánwò.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ àti ọ̀rọ̀ ọkàn

Ọmọ tí kò fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀ lóru, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń ṣe é nítorí ìgbádùn. Ẹ̀rù ló ń ba àwọn kan. Ẹ̀rù pé àwọn ẹgbẹ́ á sọ̀rọ̀ tí òun ò ní í mọ̀, tàbí pé òun gan-an ni wọ́n ń sọ. Láyé wa, tí ọmọ bá jà ní ilé ìwé, tó bá ti délé, ìjà parí dọ̀la. Nísinsìnyí, èébú ń tẹ̀ lé ọmọ wọ orí ibùsùn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Dókítà Vivek Murthy, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà dókítà ìjọba Amẹ́ríkà nígbà náà, kìlọ̀ pé àwọn ọmọ tó ń lò ju wákàtí 3 lọ lójúmọ́ lórí àwọn ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́, ewu ìrẹ̀wẹ̀sì àti àìbalẹ̀ ọkàn wọn jẹ́ ìlọ́po méjì. Èyí ò túmọ̀ sí pé fóònù nìkan ló ń fa ìbànújẹ́ ọmọ. Ọmọ tí inú rẹ̀ ò dùn náà lè fi fóònù ṣe ibi ìsádi. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń wo ayé ẹlòmíràn títí di òru, tí kò sùn, tó sì tún jí lọ sílé ìwé, ọkàn rẹ̀ ò lè balẹ̀.

Òru náà ni àwọn ẹni ibi ń rí ọmọ bá sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní kó fi àwòrán ìhòòhò rẹ̀ ránṣẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á máa béèrè owó. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má lù ú. Ẹ má sanwó, ẹ má pa ohun tí wọ́n kọ rẹ́, ẹ gbé e lọ bá ọlọ́pàá. Ọmọ tó mọ̀ pé lílù ló kàn kò ní í sọ fún yín.

Ẹ̀yin bàbá àgbà àti màmá àgbà

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Tí bàbá bá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ lálẹ́, ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀. "Màmá, ẹ yá mi ní fóònù yín, mo fẹ́ wo iṣẹ́ ilé ìwé." Ó mọ nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi ń ṣí i, fóònù náà á sì di ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́jú. Ẹ bá òbí fohùn ṣọ̀kan lórí èyí. Kí fóònù yín náà wà lọ́dọ̀ yín.

Ẹ tún jẹ́ ká sọ ti ọmọ jòjòló tẹ́ ẹ ń gbé fóònù sí níwájú kó lè jẹun tàbí kó dákẹ́ ẹkún. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò gbọ́dọ̀ jókòó ti fóònù tàbí tẹlifíṣàn rárá. Ọmọ ọdún 2 sí 4 kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, tó bá sì dín sí i, ó dáa sí i. Orin ẹnu yín, àlọ́ yín àti ẹ̀yìn tẹ́ ẹ fi ń pọn ọmọ ṣe é láǹfààní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe

1. Ẹ mú aago kan, bóyá aago 9 alẹ́. Tó bá ti lù, gbogbo fóònù ilé á lọ sí pálọ̀ tàbí yàrá òbí. Ti bàbá àti ìyá náà wà nínú ẹ̀ o, bí kò bá sí ìdí pàtàkì. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

2. Ẹ ra aago tó ń dún fún ọmọ, kó má bàa sọ pé fóònù lòun fi ń jí.

3. Tí wọ́n bá mú iná dé lóru, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi fóònù síná lórí ibùsùn tàbí lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó lè gbóná, ó sì lè gbiná.

4. Kí iṣẹ́ ilé ìwé tó jẹ mọ́ fóònù ti parí ní pálọ̀ kó tó di aago 8. Tó bá jẹ́ ìwé gidi ló ń kà, kí fóònù wà ní yàrá mìíràn.

5. Kò sí obì, kọfí tàbí ohun mímu inú agolo yẹn lẹ́yìn aago 4 ìrọ̀lẹ́. Fún ọmọdé, kó má tiẹ̀ mu ti inú agolo náà rárá ló dáa jù.

6. Ọmọ tó ti ń sùn laago 1 kò lè ṣàdédé sùn laago 9. Ẹ máa fà á sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú 15 sí 30 lẹ́yìn ọjọ́ méjì-mẹ́ta. Kó sì jáde síta fún oòrùn àárọ̀, ó ń tún aago inú ara ṣe.

7. Ẹ sọ ìdí ẹ̀ fún un. Ọmọ ọdún 15 tó mọ ìdí òfin máa pa á mọ́ ju ẹni tí wọ́n kàn já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ.

Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ wá sí ọsibítù

Mi ò sọ pé gbogbo àárẹ̀ ló jẹ́ ti fóònù. Ibà ṣì ń pa ọmọ. Láti 2010 ni WHO ti ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó fúnni lóògùn ibà. Tí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e wá fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà, ẹ má fi kẹ́mísìtì ṣe dókítà.

Tí orí fífọ́ bá ń jí ọmọ lójú oorun, tó bá ń bì, tí ọrùn rẹ̀ bá le gan-an, tí kò bá ríran dáadáa, tó bá ń rù tàbí tó ń mu omi tó sì ń tọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má dúró. Ọmọ tó ń hanrun tí èémí rẹ̀ sì ń dá dúró lójú oorun gbọ́dọ̀ rí dókítà. Bákan náà ni èyí tí inú rẹ̀ ti bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Tí ọmọ bá ní ayé ti sú òun, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e wá, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀.

Tí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ kọ́kọ́ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì oorun gidi kẹ́ ẹ tó tún ra oògùn. Tí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ mú un wá.

Lóru òní, tí ìtọ̀ bá jí yín, ẹ rọra ṣí ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọ. Tẹ́ ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ kékeré lábẹ́ aṣọ ìbora, ẹ má pariwo. Ẹ gba fóònù, ẹ ní "ó dàárọ̀," kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó kù di ojú ọ̀sán. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.