Ẹ̀jẹ̀ Tó Dì Nínú Orí Abiyamọ

Òrùka ìgbéyàwó ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Ìka abiyamọ náà ti wú, òrùka ò sì fẹ́ bọ́. Nọ́ọ̀sì bu ọṣẹ olómi sí i, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jáde. Wọ́n ti kọ́kọ́ gba yẹtí, pínnì orí àti kọ́mú onírin. Tọ̀sán-tòru ni òòfà inú ẹ̀rọ MRI fi ń fa irin, bí wọn ò tilẹ̀ ya ẹnikẹ́ni. 1.5 tesla ni ti ilé àyẹ̀wò tí mo wà n'Íbàdàn yìí, ó fi nǹkan bí ìlọ́po 30,000 ju òòfà ilẹ̀ ayé lọ. Èmi náà fi fóònù àti káàdì báǹkì mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Abiyamọ yìí àti ọkọ rẹ̀ ti gbà kí n wà níbẹ̀, bí mi ò bá sáà ti dárúkọ wọn.

"Ẹ má bẹ̀rù, Màmá," ni obìnrin tó ń ya àwòrán wí. "Ariwo rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kì í dunni. Ẹ má ṣe mi orí. Bí ohunkóhun bá ń ṣe yín, ẹ tẹ rọ́bà ọwọ́ yín yìí, mo máa dá yín lóhùn."

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó bímọ. Orí fífọ́ ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n ní àìróorunsùn ni, ó ń lo Panadó. Nígbà tó di èébì, tí ojú sì ń ṣe bàìbàì, wọ́n fi ẹ̀rọ CT ya orí rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Dókítà kan ló wá yẹ ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀ wò, ó rí i pé ó wú. Ó kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù MRI pé obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí wọ́n ya iṣan-àbọ̀ ọpọlọ rẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Lójú tèmi, ìlà kan yẹn ló ṣe pàtàkì jù lọ́jọ́ náà, torí ohun tí fọ́ọ̀mù bá béèrè ni wọ́n sábà máa ń yà.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti ṣiṣẹ́ tán nínú ọpọlọ máa ń kó jọ sínú àwọn ojú ọ̀nà ńlá kan lábẹ́ agbárí. Ọ̀kan gba àárín orí láti iwájú lọ sí ìpàkọ́, ibẹ̀ ló ti pín sọ́tùn-ún àti sósì, kó tó gba ọrùn padà sí ọkàn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì níbẹ̀, ó dà bíi gọ́tà tí pàǹtí dí: ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò níbi tó máa gbà, ọpọlọ á wú, ẹ̀jẹ̀ sì lè ya sínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ aboyún àti abiyamọ tuntun a máa tètè dì ju ti ẹlòmíì lọ.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, gbà-gbà-gbà, lẹ́yìn náà wùùù. Àwòrán yọ lójú kọ̀ǹpútà. Nínú èyí àkọ́kọ́, dúdú ló yẹ kí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn jẹ́, torí á ti kọjá lọ kí ẹ̀rọ tó gba àmì rẹ̀. Dókítà tó ń ka àwòrán tọ́ka sí ìpàkọ́. Funfun ló wà níbẹ̀.

"Ó lè jẹ́ pé ó dì," ó ní, "ó sì lè jẹ́ pé ṣe ló kàn ń rọra ṣàn."

Mo fẹ́ràn pé kò kánjú. Ó ṣàlàyé fún mi pé ní ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ tó dì pàápàá lè dúdú nínú irú àwòrán kan, kó tan èèyàn jẹ.

Àwòrán iṣan-àbọ̀ ló tẹ̀ lé e. Níbí, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn ló ń funfun. Ìlà àárín orí tín-ín-rín, ó sì pòórá kó tó dé ìpàkọ́. Ẹ̀ka ọ̀tún ò sí rárá. Ti òsì kéré, ṣùgbọ́n dókítà ní ìyẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni tiwọn kéré bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn. Wọ́n ya òmíràn tó máa ń fi irin inú ẹ̀jẹ̀ dídì hàn ní dúdú kirikiri: dúdú náà bọ́ sí àárín àti ọ̀tún gan-an. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ gadolinium, oògùn tó ń mú kí àwòrán túbọ̀ hàn kedere. Ní ìpàkọ́, igun mẹ́ta kan yọ, etí rẹ̀ funfun, inú rẹ̀ dúdú. Dókítà wá kọ èsì rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ti dì.

Ìyá àgbà tó gbé ìkókó dání níta béèrè pé ṣé ọmọ ṣì lè mu ọyàn. "Kó fún un, mà," ni dókítà dáhùn.

Ní 1825, nígbà tí Ribes, dókítà ará Faransé, kọ̀wé nípa àrùn yìí, òkú ló yẹ̀ wò kó tó rí i. Ti abiyamọ yìí, kó tó dalẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ heparin fún un. Ó ba àwọn kan lẹ́rù nígbà kan láti lo oògùn yìí, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, fún orí tí ẹ̀jẹ̀ lè ya sí. Einhäupl àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì gbé àyẹ̀wò tiwọn jáde ní 1991: nínú 10 tó gba heparin, kò sẹ́ni tó kú, nínú 10 tí kò gbà á, mẹ́ta kú. Nínú èèyàn 624 tí wọ́n tọpasẹ̀ wọn ní orílẹ̀-èdè 21, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2004, bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló gbádùn pátápátá tàbí tí ìyọnu díẹ̀ ṣẹ́kù fún.

Ẹ̀yin tí abiyamọ wà nílé yín, bí orí bá ń fọ́ ọ tí kò lọ, pàápàá bó bá ń bì, tí ojú ń ṣú u, tí gìrì mú un tàbí tí apá kan ara rẹ̀ kú, ẹ má fi Panadó tù ú nínú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ ọjọ́ tó bímọ fún dókítà. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ ya orí rẹ̀, ẹ béèrè bóyá iṣan-àbọ̀ wà nínú ohun tí wọ́n kọ sí fọ́ọ̀mù.