Wáyà ilẹ̀ fún iná oòrùn lórí yangí àti òkúta

Ẹgbẹ́ tó bá ń fi iná oòrùn fa omi kànga gbọ́dọ̀ ní wáyà ilẹ̀, èyí tí àwọn oníná ń pè ní prise de terre. Bí iná bá yà sára irin pánẹ́ẹ̀lì tàbí ara pọ́ńpù, wáyà yìí ló ń mú un wọlẹ̀, kó má baà gba ara ọmọ tó wá pọnmi.

Ilẹ̀ tútù ló ń gba iná. Yangí gbígbẹ kì í gbà á dáadáa, òkúta tún burú jù ú lọ, ó sì wà nítòsí ojú ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní agbègbè Ṣábẹ̀. Mo ti rí ibi tí ọ̀pá bàbà ti kọ́ òkúta, tí oníṣẹ́ sì gé èyí tó kù lókè kúrò. Ojú kò lè mọ irú rẹ̀. Nígbà òjò ó lè dà bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà ọyẹ́, ó kàn dúró síbẹ̀ ni.

Bí ọ̀pá kò bá wọlẹ̀, ẹ má bá òkúta jà. Ẹ gbẹ́ kòtò tóóró tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 80, tó gùn tó mítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sí apá ibi tí omi ń ṣàn sí. Wáyà bàbà tí kò ní rọ́bà lára ni kí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ fi amọ̀ kíkúnná bò ó, kì í ṣe òkúta wẹ́wẹ́, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Omi tó ń dànù lẹ́bàá kànga wúlò níhìn-ín: ẹ jẹ́ kó gba orí kòtò náà. Kòtò gbígbẹ́ ni tiyín. Wáyà síso, ti oníná ni.

Níbi tí ọ̀pá mítà 2 bá ti lè wọlẹ̀, ẹ lè fi méjì sí i, ṣùgbọ́n kí àárín wọn tó mítà 4. Bí wọ́n bá súnmọ́ra jù, wọ́n á máa du ilẹ̀ kan náà, bí òwú tí a kò fà dín nínú ihò.

Àwọn kan ń da iyọ̀ sí i. Lóòótọ́, ó ń ranni lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n òjò á ṣàn án lọ, á sì ti jẹ irin àti bàbà kó tó lọ.

Irin pánẹ́ẹ̀lì, àpótí ẹ̀rọ àti pọ́ńpù, wáyà ilẹ̀ kan náà ni kí gbogbo wọn so mọ́. Bí wọ́n bá pín sí méjì tí kò so pọ̀, tí àrá sì sán nítòsí, inú ẹ̀rọ yín ni iná á gbà kọjá láti ọ̀kan sí èkejì.

Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ ní kí oníná fi ẹ̀rọ rẹ̀ wọ̀n ọ́n lójú yín, kó sì padà wá wọ̀n ọ́n lóṣù kejì ọdún, nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ. Bí ó bá ju ọ́ómù 100 lọ, iṣẹ́ kò tíì parí. Nítorí àrá, 10 tàbí kó dín sí i la ń wá. Kí akọ̀wé kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé ẹgbẹ́.