Ìbéèrè Ló Ń Bí Ìdáhùn: Bí A Ṣe Ń Kọ Ímeèlì Ìpolówó Ọjà

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ló ti di oníṣòwò báyìí, ẹjọ́ kan náà lẹ sì ń rò fún mi: "Prof, a kọ ímeèlì títí, ẹnikẹ́ni ò fèsì." Owó ṣọ́ọ̀bù àti owó iléèwé ọmọ wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe àwàdà. Ẹ jẹ́ ká fi ojú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè wò ó.

Lọ́dún 1973, Emanuel Schegloff àti Harvey Sacks ṣàlàyé pé àwọn gbólóhùn kan máa ń rìn ní méjì-méjì: ìkíni àti ìkíni padà, ìbéèrè àti ìdáhùn. Bí èkíní bá ti jáde, èkejì ti di gbèsè. Ọmọ Yorùbá mọ èyí dáadáa. Ta la máa kí ní "Ẹ kú iṣẹ́" tí kò ní dáhùn "Oò"? Bó bá dákẹ́, wọn á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Wàyí o, báwo ni ọ̀pọ̀ ímeèlì ṣe ń parí? "A ń retí ìdáhùn yín." Ìbéèrè kọ́ nìyẹn, kò sì dá gbèsè sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Àwọn mìíràn béèrè, àmọ́ ìbéèrè wọn wúwo: "Kí ni èrò yín nípa iṣẹ́ wa?" "Kí ni" àti "báwo" ń fẹ́ àlàyé, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí á gbé e tì. "Ṣé" àti "ǹjẹ́" ò fẹ́ ju "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" lọ. Èèyàn lè fèsì sí i nínú dánfó.

Ẹ jẹ́ ká ní aránṣọ kan ń kọ̀wé sí ọ̀gá iléèwé aládàáni:

Àkọlé: Aṣọ iléèwé fún àwọn ọmọ tuntun ní oṣù kẹsàn-án

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Mo rí i pé ẹ ń gba ọmọ tuntun. Aránṣọ ni mí, ìtòsí yín ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Bí aṣọ ọmọ kan bá ya, màá tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Ṣé kí n gbé ẹyọ kan wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kí ẹ wò ó? Bí ẹ bá ti ní aránṣọ, ẹ kọ 'rárá' sí mi, mi ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́."

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kà á ló kọ́kọ́ sọ, kì í ṣe ìtàn ara rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè. Ó sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún "rárá". Ọ̀pọ̀ yín ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn lòun náà. Ìdákẹ́ ni kì í kọ́ oníṣòwò lọ́gbọ́n. Yàtọ̀ síyẹn, òfin ọdún 2023 tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú ní Nàìjíríà fún oníkálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ irú ìpolówó bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí èsì, ẹ tún kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ṣókí. Ẹ má kàn béèrè pé "Ṣé ẹ rí lẹ́tà mi?" Ẹ mú nǹkan tuntun dání: iye owó, tàbí àwòrán iṣẹ́ yín.

Kí ẹ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, ẹ ka ìparí rẹ̀ sókè. Bí kò bá sí "ṣé" tàbí "ǹjẹ́" níbẹ̀, ẹ má tíì fi ránṣẹ́.