Má jẹ́ kí èémí rẹ tán kí gbólóhùn tó parí

Ọ̀rọ̀ ohùn la fẹ́ sọ lónìí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo di máìkì mú níbi ìgbéyàwó kan, mo sáré sọ̀rọ̀ débi pé èémí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo ní "ọkọ̀ ìyàwó ti dé." Ohun tí wọ́n gbọ́ ni "ọkọ ìyàwó ti dé." Ni onílù bá gbé ìlù sókè, gbogbo ojú yí sẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ ìyàwó ṣì wà nílé, ó ń wá bàtà. (Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín jọ̀ọ́.)

Dò, re, mí ló ń gbé ìtumọ̀ nínú Yorùbá. Béèyàn bá ń sáré, tí èémí ń tán lọ, dò àti re á dà pọ̀. Ariwo kò sì lè tún un ṣe.

Ní báyìí, mo máa ń fa ilà kékeré sínú ìwé mi níbi tí mo ti fẹ́ mí. Ikùn ni mo ń mí sí, kì í ṣe èjìká. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ sórí fóònù lálẹ́ òní, kí ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni tèmi ti máa ń bàjẹ́.