Èrò márùn-ún tó lé nínú ọkọ̀ ojú omi lè sọ olówò di onígbèsè

Owó tó wà nínú òwò ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó kì í ṣe kékeré. Láti Ìkòròdú dé Ẹ̀bùté-Èrò, láti Badore dé Ìjẹdẹ, àwọn èèyàn ń sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú títì, wọ́n ń bọ́ sórí ọ̀sà. Ìdí nìyí tí ẹni tó ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ fi ń ra ọkọ̀ kékeré, tó ń so ẹ́ńjìnnì kan mọ́ ìdí ẹ̀, tó sì ń gba awakọ̀ síṣẹ́. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ohun tó burú ni pé ọ̀pọ̀ olówò ò bá ọkọ̀ wọn dé orí omi rí, iye tí awakọ̀ bá kó wálé nírọ̀lẹ́ nìkan ni wọ́n mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ibi tí awakọ̀ ti ń wá owó kún owó gan-an lewu ti ń wọlé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ọkọ̀ yín gùn ní mítà 6, ó fẹ̀ ní mítà 1 àbọ̀, tí ẹni tó kàn án sì sọ pé èèyàn 10 ló wà fún. Ká fi èèyàn kan sí kílò 70, láìka ẹrù ọwọ́ ẹ̀. Ọkọ̀ tó tóbi tó yẹn, ẹnì kan tó bá wọ̀ ọ́ á rì í wálẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Tí awakọ̀ bá wá kó èèyàn 15, ọkọ̀ ti fi nǹkan bí ìbú ìka mẹ́ta lọ sílẹ̀ sí i nìyẹn. Lójú ẹni tó dúró ní èbúté, ìka mẹ́ta ò jọ nǹkan. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ ńlá kan sáré kọjá, kí ìgbì ẹ̀ dé, ibẹ̀ lomi á gbà wọlé. Gáráwá omi kan tó gba lítà 10, kílò 10 ni. Omi ò sì ní jókòó síbì kan bí èrò. Tí ọkọ̀ bá tẹ̀ sọ́tùn-ún, ọ̀tún ni gbogbo ẹ̀ máa ya lọ. Èrò tẹ́rù bà á sì dìde, ló bá di pé ọkọ̀ dojú dé.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Pàtígì, ní ìpínlẹ̀ Kwara, lóṣù kẹfà ọdún 2023. Àwọn tó lọ síbi ìgbéyàwó ló ń padà bọ̀ lóru nínú ọkọ̀ tó kún àkúnjù. Èèyàn tó lé ní 100 ló kú. Ẹni tó bá ń rìn lóru ò lè rí ìtì igi tó wà lábẹ́ omi, ì báà jẹ́ akọni awakọ̀.

Ọ̀rọ̀ jákẹ́ẹ̀tì ìlefòó ńkọ́? NIWA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀nà orí omi, ti ń pariwo pé ẹni tí kò bá wọ jákẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ rìnrìn àjò. Bẹ́ẹ̀ náà ni LASWA, tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2008, ń sọ. Èyí táwọn awakọ̀ kan ń tò sábẹ́ ìjókòó ò wúlò fẹ́nì kankan, torí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọkọ̀ fi ń dojú dé. Kí wọ́n wọ̀ ọ́, kí wọ́n so okùn ẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté. Ẹ ra ti ọmọdé náà, ti àgbà á bọ́ lọ́rùn ọmọ ni.

Ó ku ẹ́ńjìnnì. Okùn pupa kékeré kan wà tó lọ́ bíi wáyà tẹlifóònù, tó máa ń bá ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì wá. Ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń pa ẹ́ńjìnnì, èkejì yẹ kó wà lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀ awakọ̀. Tí awakọ̀ bá já sómi, okùn á fà yọ, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ mọ́ á máa yípo, irin tó ń yí lábẹ́ ẹ̀ á sì máa gé àwọn tó wà nínú omi. Àwọn awakọ̀ wa fẹ́ràn láti ju okùn yìí nù, wọ́n ní ó ń dí àwọn lọ́wọ́.

Kí awakọ̀ máa wo omi tín-ín-rín tó ń tú jáde lára ẹ́ńjìnnì. Omi yẹn ló ń fi hàn pé ẹ́ńjìnnì ń rí omi tù ú lára. Tó bá dáwọ́ dúró, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tàbí koríko orí omi ló dí i. Kí ó pa ẹ́ńjìnnì kíákíá, kí ó gbé e sókè, kó tó fọwọ́ yọ ọ́. Tó bá ń wà á lọ bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì á jóná, owó tuntun nìyẹn.

Epo bẹntiróòlù náà ò ṣeé fojú kékeré wò. Ooru tó ń jáde lára ẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń lọ farapamọ́ sí, iná ṣíún báyìí ló sì ń dúró dè. Kí èrò sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó da epo sí i. Epo tí ẹ bá gbé, kí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ wà fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, kí ìdá tó kù wà fún ìjì tàbí ọ̀nà tó yí padà.

Kí ẹnì kan tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ní èbúté kọ orúkọ àwọn èrò àti nọ́ńbà fóònù wọn sínú ìwé, kí ìwé náà má sì bá ọkọ̀ lọ. Tí ọkọ̀ ò bá dé lásìkò, ẹni yẹn á mọ iye èèyàn tí wọ́n ń wá.